Òfin Ẹgbẹ́ Ẹ-Jẹ́-Á-Sùn

Ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó sùn tì í ló ń ṣe ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, nígbà tí ìhanrun ìyá àgbà dún nínú yàrá ìránṣọ ní aago méje àárọ̀, gbogbo ẹlẹ́rìí tó wà nínú ilé ló dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa èémí gígùn lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ǹtì. Ó fọn fèrè kékeré kan láti imú. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ lójú oorun, bó ṣe máa ń ṣe:

"Ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn?"

Láti yàrá ẹ̀yìn, bàbá àgbà dáhùn kíákíá: "Mo ti tì í."

Lẹ́yìn èyí ni ilé dákẹ́. Ìyá àgbà ti pé oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀.

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé mẹ́rìnlá tí kò tíì ní bọ́tìnì ló wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni tó mú búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, tó mú fóònù lọ́wọ́ kejì.

"Kí lo tẹ̀?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan, Mọ́mì. Inú ẹgbẹ́ yín ló ti wá. Wọ́n ní ká fọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

"O sì ní o ò tẹ nǹkan kan."

"Wọ́n ní ká tẹ̀ ẹ́ ni, mà."

Ẹgbẹ́ tó ń wí ni Ẹ-Jẹ́-Á-Sùn, tí aránṣọ dá sílẹ̀ lórí fóònù fún àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn ń hanrun. Ènìyàn méje ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti di ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó ń lo orúkọ gidi níbẹ̀. Ìyàwó Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀, Ọkọ Ẹ̀rọ-Ata náà ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí wọn kò lè sọ lójú ẹbí ọkọ ni wọ́n ń sọ síbẹ̀. Ẹni tó ti sá lọ sùn sí ilé ìdáná á sọ ọ́. Ẹni tó gbé ìrọ̀rí lé ọkọ rẹ̀ lójú, tí ẹ̀rù ara rẹ̀ wá bà á, òun náà á sọ ọ́. Wọ́n á bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà á nímọ̀ràn. Bàbá àgbà pàápàá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Òun ló gba ìhanrun aya rẹ̀ sílẹ̀ tó fi í síbẹ̀, nítorí pé ìyá takú pé òun kì í hanrun. Nígbà tí ìyá lọ, kò sẹ́ni tó yọ bàbá kúrò, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń dúró ṣe.

Aránṣọ gba fóònù, ó ka ìkéde náà sókè.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ṣé irú èyí ń dí yín lóorun? Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá kópa nínú ìwádìí wa. A ó bẹ olórí ẹgbẹ́ yín wò nílé rẹ̀ lónìí, ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀bùn wà."

"Ta ló fi ilé wa hàn wọ́n?" ni ọmọ bèèrè.

Bàbá àgbà jáde sí pálọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù rẹ̀ kò fi ẹ̀yìn etí rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn iwájú. Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó yípadà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Tíì àti ẹyin tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ wà níbẹ̀ títí tí tíì fi di omi tútù.

"Bàbá, ẹ jẹun," ni aránṣọ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti yó."

"Kí lẹ jẹ tẹ́ ẹ fi yó?"

Bàbá yí ojú sí fèrèsé. Láti ìgbà tí ìyá ti lọ, orí àga lẹ́bàá fèrèsé ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá a. Bó bá ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ mọ́ oorun, aránṣọ mọ ohun tó kù.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì bú ramúramù. "Ìyá mi ni wọ́n sọ di agogo ìpolówó! Mo fi orí mi búra, kí oòrùn òní tó wọ̀, ohùn ìyá mi á kúrò lẹ́nu àlejò, bàbá mi á sì jẹun. Ìwọ, lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Sọ fún dádì ẹ kó máa bọ̀. Sọ fún un pé àwọn oníwàádìí ń bọ̀ nílé."

Ìwádìí ni ọlọ́pàá ń ṣe. Ìwádìí náà ni ọ̀mọ̀wé ń ṣe. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ nìkan ló lè fara balẹ̀ bèèrè èwo ni.

Onígbàjámọ̀ wà lórí akọ̀wé kóòtù kan nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó ti gẹ apá ọ̀tún tán, ó fẹ́ bọ́ sí apá òsì.

"Dádì, Mọ́mì ní kẹ́ ẹ máa bọ̀. Àwọn oníwàádìí ń bọ̀ nílé."

Ẹ̀rọ ìgẹrun dúró ní àárín orí. "Ìwádìí kí ni?"

"Mi ò mọ̀ o. Ó jọ pé wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tipẹ́. Wọ́n tiẹ̀ gba ohùn sílẹ̀."

"Ohùn ta ni?"

"Inú ń bí Mọ́mì gan-an, sà."

Oníbàárà méjì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de orí tiwọn. Ọ̀kan rántí pé òun gbé omi kaná. Èkejì kò rántí nǹkan kan. Ó kàn dìde, ó lọ. Onígbàjámọ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jáde. Akọ̀wé kóòtù tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ń dán bí àwo tánganran, apá òsì sì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a.

"Ọ̀gá, orí mi!" ló ń pariwo lójú pópó. "Ẹ kò lè pín mi sí méjì kẹ́ ẹ lọ!"

Nígbà tí onígbàjámọ̀ fi wọlé, èémí rẹ̀ kò balẹ̀. Ó dì mọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Ìyàwó mi, má jẹ́ kí wọ́n mú mi. Èmi ni. Èmi ni mo fa wáyà láti ara mítà alágbàfọ̀ tó múlé tì wá. Èṣù kọ́ o, ooru ni. Ẹ̀rọ ìgẹrun kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò tó kọjá."

Ìgbà yẹn ló fura pé kì í ṣe ohùn ìyàwó òun ló bi òun. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti apẹ̀rẹ̀ aṣọ aláṣọ lórí. Ọmọ ẹgbẹ́ Ẹ-Jẹ́-Á-Sùn lòun náà. Ó wá bèèrè nípa ẹ̀bùn ni.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni alágbàfọ̀ wí. "Mo ní kí ló dé tí áyọ́ọ̀nù mi kì í gbóná lọ́jọ́ Sátidé! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe oníná. Ó ní ẹ̀rọ mi ló darúgbó. Àṣé iná mi lẹ fi ń gẹ orí aráyé!"

"Ìyá alágbàfọ̀, ẹ fojú àánú wò mí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ ná."

"Ọlọ́pàá wo?" ni aránṣọ bèèrè.

"Àwọn oníwàádìí."

"Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìhanrun ni mo ń wí!"

Onígbàjámọ̀ rọra jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ti rí àga kan fà mọ́ra. Ó nu irun kúrò ní èjìká rẹ̀.

"Mo ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní kóòtù," ló wí. "N kò tíì rí ẹjọ́ tí wọ́n jẹ̀bi rẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó."

"Ẹ má dá mi lóhùn báyẹn, sà, pẹ̀lú orí yẹn," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Orí yìí kẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ yín mà ni."

Alágbàfọ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó lé e. "Ọ̀rọ̀ wáyà ń bọ̀ wá bá wa. Ìwádìí yìí ńkọ́? Ìdí ta ni wọ́n ń wá?"

"Tiwa ni," ni aránṣọ dáhùn. "Wọ́n sì ti rí i."

Fóònù kò sinmi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnì kan ti sọ nínú ẹgbẹ́ pé tìmùtìmù ni ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín. Ìyàwó Jẹnẹrétọ̀ bèèrè bóyá tìmùtìmù ẹlẹ́ni méjì ni. Ọkọ Ẹ̀rọ-Ata ní òun kò fẹ́ tìmùtìmù, yàrá mìíràn lòun fẹ́. Òmíràn gbọ́ pé wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀. Òmíràn bèèrè bóyá oúnjẹ á wà lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀. Ènìyàn mọ́kàndínláàádọ́ta ló ti fi orúkọ sílẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Kò sí ọ̀kan tó bèèrè pé ta ló ni ohùn tí wọ́n fi kéde.

"Bó bá jẹ́ ẹlẹ́ni méjì," ni onígbàjámọ̀ wí jẹ́jẹ́, "a lè gba ọ̀kan."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó dìde, ó lọ kó bọ́tìnì tó dà sílẹ̀. Ìrẹsì tó wà lórí iná ti jó nígbà tí wọ́n ń jà, òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Ó bu èyí tí kò jó fún bàbá rẹ̀, ó fi ideri bò ó, ó gbé e wọlé. Nígbà tó padà wò ó, ideri kò tíì kúrò níbi tó fi í sí.

Ní aago méjì géérégé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ni, tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó wọ awò ojú, tó gbé báàgì tí fọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀. Òun nìkan ló wá. Ó kí gbogbo wọn dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí báàgì gbà á láyè, ó sì gbójú fo orí akọ̀wé kóòtù bí ọmọlúwàbí.

"Tìmùtìmù dà?" ni alágbàfọ̀ bèèrè.

"Tìmùtìmù wo, mà?"

"Ẹ̀bùn."

Ó yọ páálí kékeré kan. Rọ́bà wẹ́wẹ́ méjì méjì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń dí etí. Alágbàfọ̀ wo rọ́bà, ó wo onígbàjámọ̀. "Ẹ fi èyí dí ẹnu wáyà mi," ló wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dà bíi pé mo mọ gbogbo yín tẹ́lẹ̀." Ó kọjú sí onígbàjámọ̀. "Ẹ̀yin ni ọkọ olórí ẹgbẹ́, sà. Mo ti gbọ́ tiyín. Tiyín yàtọ̀."

"Níbo lẹ ti gbọ́ tèmi?"

"Nínú ẹgbẹ́, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi yín síbẹ̀. Èyí tí ajá òde dáhùn sí lẹ́yìn ló dára jù."

Onígbàjámọ̀ yí ojú padà sí ìyàwó rẹ̀. "Ènìyàn ẹgbẹ̀ta ló gbọ́ mi pẹ̀lú ajá?"

Aránṣọ sá fún ojú rẹ̀. Ó gbé yúnífọ́ọ̀mù kan, ó wá ojú bọ́tìnì rẹ̀ títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, àlejò ló bá wí.

"Ta ló yọ̀ǹda ohùn ìyá mi fún yín?"

"Mà, ibẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ̀ta ènìyàn gbọ́ kì í ṣe àṣírí mọ́. N kò sì mọ̀ pé ìyá yín ni. Orúkọ tí wọ́n fi síbẹ̀ ni Fèrè."

"Ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn! Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ ẹgbẹ́ kan tó mọ̀wàhù, kó wá sọ ọ́ létí yín bóyá ọjà la ń ná níbẹ̀. Ìyàwó Katakata. Ẹ̀dá yẹn jìyà. Ọkọ rẹ̀ ń hanrun bíi katakata tó ń gòkè. Oṣù mẹ́fà ló fi ń sunkún fún wa. Èmi fúnra mi rán ẹ̀wù ìsùn tí mo fi bọ́ọ̀lù sí lẹ́yìn, kí ọkọ má baà lè fẹ̀yìn lélẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí i."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni alágbàfọ̀ wí. "Èmi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọkọ rẹ̀."

Aránṣọ tẹ nọ́ńbà. Gbogbo ilé dúró dè é. Báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Fóònù dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Ọkùnrin náà wo báàgì bí ẹni pé tẹlòmíràn ni.

"Ẹ gbé e," ni akọ̀wé kóòtù wí. "Wọ́n ń pè yín, ìyàwó ilé."

Alágbàfọ̀ ká ọwọ́ lé orí. "Yéè! Ẹni tí mo gbààwẹ̀ fún rèé! Pẹ̀lú irùngbọ̀n! Ọkọ rẹ dà? Mo ní ọkọ rẹ dà?"

"N kò ní ọkọ, mà."

"Ọlọ́run á bi ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún! Ebi pa mí!"

"Ẹ̀wù mi ńkọ́?" ni aránṣọ wí.

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mo ń wọ̀ ọ́ sùn, mà. Èmi náà ń hanrun. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ló sọ fún mi. Ẹ ṣeun, bọ́ọ̀lù yẹn ń ṣiṣẹ́." Ó wọ awò ojú padà. "Ara àpò tẹ́ ẹ fi dì í ni mo ti rí àdírẹ́sì ilé yìí."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan á wọ àárín àwọn ènìyàn, á bá wọn sunkún títí inú wọn á fi yọ́ sí i, wọ́n á fún un ní ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni á yọ ìwé.

Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣí. Bàbá àgbà jáde, ó dúró. Ọkùnrin náà dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí báàgì kò dí i lọ́wọ́.

"Jókòó," ni bàbá wí. "Mo gbọ́ tó o sọ pé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ilẹ̀kùn tó o gbà wọlé yẹn, èmi ni mo kàn án. Ooru máa ń mú wa, a máa ń ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Kì í ṣe pé kí ẹni tó ń kọjá wá gbé àga."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo báàgì rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìhanrun ṣe gan-an?"

"Bàbá, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń hanrun, èémí wọn a máa dúró lójú oorun. Àwọn fúnra wọn kì í mọ̀. Àwọn la ń wá, ká lè tètè rí wọn."

Bàbá wo ilẹ̀.

"Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí, "ṣé ó lè má jí?"

"Nígbà mìíràn, sà."

Fóònù aránṣọ dún wínrín wínrín lórí tábìlì: Ìyàwó Jẹnẹrétọ̀ tún ń bèèrè tìmùtìmù. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́, ó pa ohùn rẹ̀. Onígbàjámọ̀ fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.

"Iṣẹ́ gidi ni nígbà náà," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Kí ló dé tó o wá ṣe é bí olè?"

"Mo rò pé bí mo bá sọ ẹni tí mo jẹ́, wọn kò ní bá mi sọ̀rọ̀, sà."

"Ṣé o bi wọ́n?"

"Rárá, sà."

Aránṣọ dìde. "Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ pa ohùn ìyá mi rẹ́. Níbi gbogbo tẹ́ ẹ fi í pamọ́ sí. Níṣojú wa báyìí."

Ọkùnrin náà yọ fóònù. Ó yọ ìkéde kúrò nínú ẹgbẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ṣí ibi tó kó àwọn ohùn jọ sí, ó fi hàn wọ́n: Fèrè. Ẹyọ kan tó kù nìyẹn, ó ní kò sí níbòmíràn. Ó gbé àtàǹpàkò lé e.

"Dúró!"

Bàbá àgbà ló pariwo. Nínú ilé yẹn, wọn kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Pẹ́ńsù bọ́ lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Bàbá?" ni aránṣọ wí.

"Kó tó pa á rẹ́," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì ti padà sísàlẹ̀, "kó fi tèmi fún mi. Fóònù mi bọ́ sínú korobá omi lọ́sẹ̀ tí a sin ín, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì parẹ́. Mo wá a títí nínú ẹgbẹ́ yín, mi ò rí i. N kò ní i mọ́."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa pínnì nílẹ̀. Pínnì kankan kò sí nílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè.

"Ẹ kò sọ fún mi."

"Ṣé o bi mí?" ni bàbá wí.

Wọ́n gbé ohùn náà sínú fóònù bàbá. Ọmọbìnrin náà ló ṣe é. Ó gbọ́ ọ dé òpin kó lè dá a lójú pé kò gé kù. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà pa tirẹ̀ rẹ́, tí gbogbo wọn ń wò ó, bí ìgbà tí wọ́n ń bo òkú.

"Ó ku òfin," ni akọ̀wé kóòtù wí. "Ẹgbẹ̀ta ènìyàn láìsí òfin, ọjà ni wọ́n. Ẹ fún mi ní ìwé."

Kò sí ìwé. Bébà tí aránṣọ fi ń gé bátánì ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, èyí tó ti ya apá yúnífọ́ọ̀mù sí. Akọ̀wé kóòtù mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé yí apá ẹ̀wù náà ká.

"Ẹni tí kò bá lọ́kọ, kó má lọ́kọ," ni alágbàfọ̀ wí.

"Mo gbọ́ yín." Ó kọ ọ́ báyìí: oníwàádìí yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó rán an kó tó fẹnu kan ohunkóhun.

"Kó sì sọ irú ìwádìí tó jẹ́," ni onígbàjámọ̀ wí, "kí ènìyàn má baà lọ máa jẹ́wọ́."

"Ẹ̀yin ẹ máa jẹ́wọ́," ni alágbàfọ̀ wí. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀bùn, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ gan-an. Rọ́bà ni kí wọ́n pè ní rọ́bà."

"Èmi fẹ́ kí wọ́n padà wá," ni ọmọbìnrin náà wí. Wọ́n wò ó. "Bí wọ́n bá ti rí ohun tí wọ́n ń wá, kí wọ́n padà wá sọ ọ́ fún wa. Wọ́n máa ń lọ ni."

Akọ̀wé kóòtù kọ ìyẹn láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà.

"Ohùn ńkọ́?" ni aránṣọ bèèrè. "Kí wọ́n má gba ohùn ẹnikẹ́ni láìbi ẹni tó ni ín."

"Bí ẹni tó ni ín bá ti kú?" ni ọkùnrin náà bèèrè. Kò fi ṣe àríyànjiyàn.

Gbogbo wọn dúró de bàbá.

"Ẹ bi ẹni tó sùn tì í," ni bàbá wí.

Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Òfin ohùn yìí, ṣé oníwàádìí nìkan ló kàn, àbí ó kan olórí ẹgbẹ́ náà?"

Ṣọ́ọ̀kì dúró lórí bébà. Aránṣọ fa òwú kan já. "Ó kàn án," ló wí.

"Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ajá?"

"Ó kàn án, mo ti gbọ́! Màá yọ gbogbo ẹ̀ kúrò."

Wọ́n ka òfin náà sínú ẹgbẹ́. Ọkọ Ẹ̀rọ-Ata ni ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé rọ́bà ni ẹ̀bùn, ogójì nínú àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta yọ orúkọ wọn. Mẹ́sàn-án dúró. Ọkùnrin náà ní mẹ́sàn-án tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe dára, ó sì dà bíi pé ó gbà á gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó yọ fọ́ọ̀mù kan, ó kọjú sí onígbàjámọ̀. "Mo fẹ́ bi yín o, sà. Orúkọ mi gidi ló wà lókè níbẹ̀. Kò sí tìmùtìmù. Ẹ lè ní rárá."

Aránṣọ la ẹnu. Akọ̀wé kóòtù gbé ṣọ́ọ̀kì sókè. "Òun ni kó dáhùn."

Onígbàjámọ̀ gba fọ́ọ̀mù náà, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún kà á. Ó wo bàbá ìyàwó rẹ̀. "Mo gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ajá kò sí nínú rẹ̀ o."

Ọkùnrin náà lọ. Alágbàfọ̀ náà gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ó ní lọ́la ni òun àti onígbàjámọ̀ á jọ wo mítà náà, òun á sì mú akọ̀wé kóòtù dání. Akọ̀wé kóòtù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gba afẹ́fẹ́ níta kí wọ́n tó parí orí òun. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ó fi aṣọ funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì sùn lọ.

Oòrùn ń lọ wọ̀. Aránṣọ wọ yàrá ẹ̀yìn láti gbé àwo tí wọn kò fọwọ́ kàn. Àwo ti ṣófo. Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, fóònù wà lórí àyà rẹ̀, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń hanrun. Ó ń hanrun gan-an, bí ẹni ń rẹ́ pákó líle, tó ń dúró nu òógùn, tó tún ń bá a lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ yọjú lẹ́yìn rẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ wo fóònù náà.

"Mi ò tíì tẹ nǹkan kan, Mọ́mì."

"Bó bá jí, bi í."

Wọ́n dúró níbẹ̀. Fóònù tó wà láyà bàbá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ: ó wọ́ àpótí lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọn fèrè.

"Ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn?"

Bàbá kò dáhùn. Ó ṣì ń rẹ́ pákó rẹ̀ lọ. Aránṣọ wo ọmọ rẹ̀, ọmọ wo ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni onígbàjámọ̀ dìde ní pálọ̀. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"A ti tì í, Màámi," ló wí lóhùn kékeré.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn náà láti ìta.

"Ọ̀gá onígbàjámọ̀! Èmi rèé o! Orí mi ńkọ́?"

"Ẹ rọra, sà," ni aránṣọ wí láti ojú fèrèsé. "Bàbá ń sùn."